Igi Ìdáná Mẹ́ta

Márùn-ún ni Mọ́rádéún dì ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì,
nínú àpò ìrẹsì tó fi omi rin,
ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fi wé wọn lẹ́sẹ̀.
Bọ́ọ̀sì òru gbé wọn dé Akúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo tú okùn. Kò sí ewé, kò sí òdòdó,
kò sí ẹyọ erùpẹ̀ kan lára gbòǹgbò.
Igi róòsì wà ní ìhòòhò goloto
bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé mi lọ́wọ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí.

Ìyá Olúwatúyì yọjú lórí fẹ́ǹsì:
"Nọ́ọ̀sì, èwo ni ti igi ìdáná?
Ṣé gáàsì yín ti tán ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. N kò dá a lóhùn.
Ẹni tó gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n
ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí kò tíì ké ló ti kú.

Akínfọlárìn ọmọ mi náà pè, ó ní kí ló dé
tí n kò ra èyí tó ti ń tanná létí títì ní Alágbàká.
Mo ti rà á rí, ọmọ mi.
Òdòdó rẹ̀ nìkan ni mo fi owó rà.
Gbòǹgbò rẹ̀ ti ká jọ sínú ọ̀rá
bí ẹni tí kò jáde nínú yàrá rí;
mo gbé e sílẹ̀ gbalasa, kò mọ ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí.

Mo tẹ́ márààrún sórí tábìlì.
Ọ̀kan rọ̀, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí a gbàgbé sínú omi.
Òmíràn dá mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo yà wọ́n sọ́tọ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n.
Mẹ́ta tó kù, mo fi èékánná ha èèpo wọn:
tútù bí ewé ilá ló wò mí lójú.

Wọ́n mu omi mọ́jú nínú ọpọ́n ìwẹ̀ Akínfọlárìn.

Ilẹ̀ Akúrẹ́ le, ọmọ àpáta ni.
Mo gbẹ́ ihò, mo bá ìdajì àwo tánganran,
mo bá sílípáàsì ọmọdé kan, ti ẹsẹ̀ òsì.
N kò mọ ti ta ni. Mo dá a padà sísàlẹ̀.
Bàbá mi, ní oko kòkó wa ní Ìdànrè,
kì í gbin ọmọ kòkó láì ri gbòǹgbò rẹ̀ bọ ẹrẹ̀.
"Àlejò kì í wọlé ní ìhòòhò," ni baba ń wí,
"ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ."
Mo po erùpẹ̀ ilé ikán mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́,
ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná,
mo wọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láṣọ.

Mo mọ ebè kékeré sínú ihò, mo gbé e jókòó lé e,
mo tẹ́ ìka gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sí ọ̀tún, sí òsì.
Oríkèé rẹ̀, mo jẹ́ kó yọ síta ní ìwọ̀n ìka kan.
Ẹ̀gún gún mi ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀.
Ó dáa. Òun náà ti mọ̀ mí.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, kò sí nǹkan.
Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí nǹkan.
Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí lórí fẹ́ǹsì:
"Nọ́ọ̀sì, ṣé igi ìdáná yín ti jó?"

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, nǹkan pupa kan
yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí àárín, kò ju ojú ẹ̀wà lọ.
Mo pe Ìyá Olúwatúyì. Wọ́n wò ó, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀.
"Háà," ni wọ́n wí, "iná ti ràn."

Lọ́jọ́ kẹta, ti ọ̀tún náà ràn.

Ti òsì kò tíì wí nǹkan kan.
Mo fi èékánná ha á láàárọ̀ yìí:
kò gbẹ tán, kò sì tutù tó.
Bó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó tún bomi rin ín.