Olórin: A Ò Mọ̀

Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù Nọ́jímù ẹ̀gbọ́n mi,
ẹnìkan gbé fáànù, ẹnìkan gbé àga onírọ̀gbọ̀kú.
Èmi ni wọ́n na ike dúdú kékeré kan sí,
kò ju páálí ìṣáná méjì lọ:
"Gba orin ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà."

Mo gbé e dé yàrá mi l'Ókè-Pósùn,
mo ki okùn rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo ṣí i.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta orin, ó lé irinwó àti méjìlá.
Orin Kìíní. Orin Kejì. Orin Kìíní mìíràn.
Olórin: a ò mọ̀. Ọdún: òfo.
Níbi tí àwòrán ìbá wà, eérú lórí eérú,
bí ojú ẹja àná lórí àtẹ.

Ṣọ́ọ̀bù ló ní nígbà ayé rẹ̀, nítòsí èbúté:
ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, ẹ gbé mẹ́mọ́rì lọ.
Bí mo bá ní kó kọ orúkọ sí wọn, a rẹ́rìn-ín:
"Ta ló ń ka ìwé lára orin?
Etí ni mo fi ń dá wọn mọ̀."
Òótọ́ ni. Etí náà ló sì bá a lọ.

Ilé là á wò, wọ́n ní, ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo ni n ó wò
fún ohùn tó yọ látinú òkùnkùn pẹ̀lú gòjé,
tó ń ki gbogbo ará Ẹ̀rẹ́dò lọ́kọ̀ọ̀kan
tí kò rántí dárúkọ ara rẹ̀?

Mo gbé fóònù tọ Bàbá Lámídì lọ,
ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe.
Ó tẹ́tí, gíríìsì dé ìgúnpá.
Kò pẹ́ tó kí a fẹnu fẹ́ná:
"Wákà ni. Obìnrin Ìmọ̀tà ni.
Ọdún tí omi wọlé wa ló kọ ọ́."
Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo dúpẹ́.
Ìyá Sìnámọ́tù tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní irọ́ ni,
ará Ẹ̀jìnrìn ni,
òun jó sí i lọ́jọ́ tí ọkọ òun àkọ́kọ́ kọ òun.
Bàbá Lámídì ju sípánà sílẹ̀.
Mo fi àmì ìbéèrè kan sẹ́yìn Ìmọ̀tà,
mo rọra yẹra.

Mo dá àpò sílẹ̀: Sákárà. Àpàlà. Wákà.
Wákà Tàbí Ti Ìjọ.
Èyí Tí Kásẹ́ẹ̀tì Rẹ̀ Ti Fà.
Kò Dá Mi Lójú. Èyí ló sanra jù.

Ó di òru ọjọ́ kẹsàn-án, mo dé Orin Kẹrìnlá kan.
Agídìgbo ń rìn bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.
Òjò wa ni. Páànù wa ni.
Adìyẹ sá wọlé, ìyá wa sì wí pé,
"Nọ́jímù, pa nǹkan yẹn, gbé garawa síta!"

Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún
tí ohùn yẹn ti rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́.
Mo dá a padà. Ó tún ní ká gbé garawa.
Mo dìde. Mo dé ẹnu ọ̀nà
kí n tó rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn la wà.

Ẹni tó ń ta agídìgbo ọ̀hún, mi ò mọ̀ ọ́n.
Bóyá ó jẹ gbèsè. Bóyá ó kú sí àjò.
Kò mọ̀ pé obìnrin kan já lu òun
nítorí omi òjò.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti dákẹ́,
bátìrì ku mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.
Síbi orúkọ orin, mo kọ Garawa.
Síbi olórin: Sàfúrátù, àti ẹnìkan.
Síbi ọdún, mo kọ Òjò.
Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́.
Ó ní nọ́ńbà nìkan lòun ń gbà níbẹ̀.