Ẹ̀dà Kejìdínláàádọ́ta

Dọ́là márùn-ún àti sẹ́ǹtì mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún:
ẹ jẹ́ n pè é ní mẹ́fà, kí n má tan ara mi jẹ.
Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó bọ́ọ̀sì.
Mo dúró ní òpópónà Pọ́téèjì,
nínú òtútù Wínípẹ̀gì tí ń gé ènìyàn létí,
tí ọ̀rọ̀ ń dì kó tó kúrò lẹ́nu,
nítorí Ọjọ́rú ni,
Ọjọ́rú sì ni Ọ̀gbẹ́ni Bódánì máa ń tú páálí ìwé tuntun.

Ó rí mi, kò rẹ́rìn-ín.
"Kà á nílé," ó ní, "má kà á níbí."
Ó yẹ kí n ti fura.
Ẹni tó ta ẹja fún ọ, tó ní kí o má gbóòórùn rẹ̀ nísọ̀ òun,
kí lo tún fẹ́ kó sọ?

Èèpo ìwé dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.
Àwọn Mẹ́fà Etí Adágún dúró lórí afárá tó ń jóná,
Ọwọ́-Iná ló ṣíwájú,
àkọlé pupa ń pariwo: ẸNÌKAN YÓÒ KÚ LÓNÌÍ!
Mo ka ewé méjèèjìlélógún.
Ẹnikẹ́ni ò kú.
Afárá gan-an ò sí níbẹ̀.

Ìpàdé ni wọ́n ṣe.
Àwọn tó lè fò, wọ́n jókòó.
Àwọn tó lè gbé ọkọ̀ ojú irin léjìká, ife kọfí ni wọ́n gbé.
Láti ewé kìíní dé ìkẹsàn-án, ta ni kó jẹ́ olórí?
Bí ìpàdé àwọn ayálégbé ilé wa,
tí a fi wákàtí méjì jiyàn lórí ibi tí a ó máa da ilẹ̀ sí.
Ayàwòrán tuntun ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún.
Ọwọ́-Iná ní ìka mẹ́fà ní ewé kejìlá,
ó ku mẹ́rin ní ìkẹtàlá.
Bóyá agbára tuntun nìyẹn.

Mo ní sùúrù. Aṣílẹ̀kùn ni mo ń dúró dè,
obìnrin dúdú tó jẹ́ pé ibi tó bá fọwọ́ kàn, ilẹ̀kùn ni.
Àwòrán rẹ̀ tí Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi yà ṣì wà lára fíríìjì.
Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló wọ inú ògiri kí àwọn yòókù lè sá là,
ògiri pa dé.
Wọ́n ṣèlérí fún wa pé ó ń bọ̀.

Ó dé lóòótọ́.
Ewé kẹtàdínlógún, igun ìsàlẹ̀,
nínú àpótí tí kò ju èékánná lọ.
Ó kẹ́yìn sí wa.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sí i lẹ́nu: "Mo ti padà."
Wọn ò bi í pé níbo ló lọ.
Wọn ò bi í pé kí ló rí nínú òkùnkùn yẹn.
Ẹnìkan ti ṣúgà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìpàdé ń bá a lọ.

Mo pa ìwé náà dé díẹ̀.
Nígbà tí mo ti ìsìnkú ìyá mi ní Ìkìrun dé,
tí mo wọ ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru,
ẹnìkan ní, "O ti dé,"
ó na ìwé àkókò iṣẹ́ sí mi.

Rẹ̀mílẹ́kún ò tíì sùn.
"Ṣé ó padà?"
Mo ní ó padà.
Ó gba ìwé, ó ṣí ewé kẹtàdínlógún,
ó wò ó títí, ó yí ewé náà padà
bóyá ojú Aṣílẹ̀kùn á wà lẹ́yìn.
Ìpolówó ọṣẹ ìfọyín ló wà níbẹ̀,
ọmọkùnrin kan ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín sí wa.

Ó di oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀dà kọkàndínláàádọ́ta.
Dọ́là kan ti wà nínú àpò ẹ̀wù òtútù mi.
Ẹ má bi mí.