Ihò Tí A Fi Pákó Dí

Wọ́n ní kí n wá wo àpótí géèmù méjì ní Àjárá,
lẹ́yìn ilé olóògbé Mẹ́dayẹ́sẹ̀, ẹni tó ní ilé géèmù
nígbà tí àwa ṣì ń fi owó búrẹ́dì ṣeré.
Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi lẹ́bàá àmù.
Ó ní, "Oníbàárà kan ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé.
Ojúlówó láti iléeṣẹ́ nìkan ló ń fẹ́.
Ọkọ mi sọ pé ojúlówó ni méjèèjì."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. N kò bá òkú jiyàn.

Iwájú kọ́ la ti ń mọ̀ wọ́n. Ta ni kò lè kun iwájú?
Ẹ̀yìn ni mo gbà, níbi tí aláǹtakùn ti ń ṣọ́lé.
Mo tú sikírúù mẹ́fà, mo gbé pákó ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ti apá òsì:
nọ́ńbà tó wà lára irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀
ló wà lára ẹ̀rọ inú, òun náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀kùn owó.
Baba, ọmọ, ọmọ-ọmọ, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.
Waya rẹ̀ dà bí irun tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo dì.
Kò sí ihò kankan níbẹ̀ tí kò níṣẹ́.
"Èyí ò purọ́," ni mo wí.

Ó wá ku ti ọ̀tún. Ó lẹ́wà ju èkejì lọ,
ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara fu mí.
Mo dijú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó ìṣeré.
Ojú àpá kì í jọ ojú ara:
láàárín, lábẹ́ fọ́mákà aláwọ̀ búlúù,
ibì kan rì díẹ̀, roboto, ó tó ọsàn kékeré.
Bọ́ọ̀lù kan ti ń yí níbẹ̀ rí
kí ẹnì kan tó fi pákó dí i,
tó wá lu ihò mẹ́fà mìíràn fún bọ́tìnì ìjà.
Tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀ dùbúlẹ̀; irin tó gbá a mú
ní ojú sikírúù mẹ́rin tó ṣófo:
ó ti dúró lóòró nígbà kan.
Mo fi èékánná ha ọ̀dà dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Ìyẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan yọjú, pupa.
Géèmù tí ẹnikẹ́ni ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́ ní Àgbádárìgì
ṣì ń fò lábẹ́ ibẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Wọ́n tún èyí ṣe ni, ìyá."
"Ayédèrú ni?"
"Rárá o. Ó kàn gbé ayé méjì ni."
"Ta ni 'wọ́n'?"

Ẹnu mi fẹ́ sọ pé àwọn ará Kútọnu,
tàbí àwọn tó ń bo irú rẹ̀ ní tapólì gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá.
Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀.
Wọ́n fi ayùn gé íńṣì mẹ́rin kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ó wọ́ bí ọ̀nà oko; ẹni tó fà á kì í ṣe káfíńtà.
Nínú, lára ògiri píláìwúùdù, pẹ́ńsùlù:
*Ibí ni ọwọ́ Sẹ̀tọ́njí tó.*
Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní kí n tún un kà.
Mo tún un kà.
"Sẹ̀tọ́njí tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ yàrá mi báyìí,"
ni ìyá wí, kì í ṣe èmi ló ń wí fún.

Lẹ́yìn náà ó ṣa àwọn sikírúù nílẹ̀,
ó kà wọ́n sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.
Mo dì í padà. Ọ̀kan ò wọlé dáadáa mọ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: òsì, ojúlówó.
Ọ̀tún, kì í ṣe títà.
Àgbọn méjì ló fi sanwó iṣẹ́ fún mi. N kò ná an.