Lẹ́tà Kan Kù Lọ́wọ́ Mi

Òkè-Àdó, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́ ju ojú mi lọ.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gùn ọ́, tí mo fi sọ̀ ọ́,
báàgì ìwé léjìká, kẹ̀kẹ́ aláìníbíréèkì lábẹ́ mi.
Mo mọ ilé tí ajá ibẹ̀ ń bu ni jẹ,
mo mọ èyí tí ajá rẹ̀ kàn ń gbó
bí olówó tí àánú ń ṣe, tí kò fẹ́ ká mọ̀.

Ìjẹ̀bú ló gbé owó wá, kòkó ló sọ ọ́ di bíríkì.
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń yọjú wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí òkè.
Wọ́n kọ ọdún ìkọ́lé sí iwájú orí ilé
bí ẹni ń kọ ilà sí ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́,
kó má baà sọnù.

Ilẹ̀kùn Baba Odùtáyọ̀ ní ẹnu idẹ tóóró
tó ń gba ìwé. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni Ṣàdíátù fi ń nù ún
títí yóò fi máa rẹ́rìn-ín sí mi láti ìsàlẹ̀ òkè.
Baba kì í jáde sí mi láì dé fìlà.
“Pósítà, ṣé Lọ́ńdọ̀nù rántí wa?”
Bí kò bá sí, á ní, “Kò burú, ọ̀nà ló jìn,”
á sì bu omi tútù fún mi nínú ife gíláàsì,
kì í ṣe nínú páànù.
Ohun tí mo mọ̀ sí gbajúmọ̀ nìyẹn.

Ẹ má rò pé mo ní gbogbo rẹ̀ dára o.
Ìyá mi wà lára àwọn tó ru bíríkì yẹn.
Kò sùn nínú ọ̀kankan rí.

Ní báyìí, iwájú ilé ti di ṣọ́ọ̀bù:
ìbòrí fóònù, àti ẹni tó ń tẹ ìwé ìkéde òkú.
Àwọn ọmọ wà ní Kánádà, wọ́n ń fi ilé ṣẹjọ́.
Ẹnìkan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sógiri:
ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.
Ẹlòmíràn fi funfun pa KÌ Í ṢE rẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, mo gbọn báàgì mi.
Lẹ́tà kan já bọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ awọ ìsàlẹ̀.
Orúkọ Baba ni. Ọdún méje ni ìtìjú fi dè mí mọ́lé.

Àná ni mo lọ. Idẹ ti hu ewú aláwọ̀ ewé.
Mo tì í, ó ké, ó gbà á.
Mo gbọ́ tí ìwé kan ilẹ̀.
Mo dúró díẹ̀,
bóyá ẹnìkan ń wá fìlà.