Òṣùwọ̀n Kaṣú

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti na apá fún abẹ́rẹ́.
Ní Kàbà, níbi tí èrò pọ̀, tẹ́nì kan ò dá mi mọ̀.
Ní Mọ̀pà, mo fa fìlà bojú.
Ní Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n bi mí lórúkọ,
ètè mi ń gbọ̀n, mo pe ti ẹ̀gbọ́n mi:
Dúrósinmi.
Èsì jáde. Kò sí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ Dúrósinmi.
Ara Dúrósinmi dá ṣáṣá,
Dúrósinmi tí èmi àti bàbá wa
sin sẹ́yìn ilé, ọdún kẹsàn-án rèé.

Kí ni kí n wá fi ìwé òkú ṣe?

Kaṣú ni mò ń rà ní Ìsánlú.
Bí àwọn àgbẹ̀ bá lọ tán, tí oòrùn wọ̀ sẹ́yìn òkè,
mo máa ń gun òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àpò.
Kílò méjìdínláàádọ́rin lọ́jọ́ Ajé,
mẹ́tàdínláàádọ́rin lọ́jọ́bọ̀.
Mo bọ́ bàtà. Mo tún gùn ún.
Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ki òkúta sínú àpò kó lè wúwo;
n ò mọ ohun tí èèyàn ń kì sínú ara rẹ̀
tí kò fi ní í fò lọ.

Ọyẹ́ fẹ́, mo wúkọ́: òun nìyẹn.
Ẹ̀fọn jẹ mí, ibẹ̀ wú: òun nìyẹn.
Lóru mo tan iná fóònù, mo ń yẹ ahọ́n wò nínú dígí.
Fúnmiládé ní, "Kí lo ń wá lẹ́nu?"
Mo ní eyín ló ń dùn mí.
Ó dìde, ó po omi iyọ̀ fún mi.
Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Oṣù keje rèé tí mo ti ń kọ ẹ̀yìn.

Mo tún padà sí Ẹ̀gbẹ̀.
"Òkun o," ni nọ́ọ̀sì Mẹ́dùpin wí.
"Oṣù mẹ́ta ti kọjá kóo tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ó ti tó.
Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."
Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.
"Kí lorúkọ rẹ gan-an?"

Mo fẹ́ pè é.
Lọ́kọ́jà ló bọ́ sí mi lẹ́nu:
yàrá kan lẹ́bàá Odò Ọya, fáànù tí kò yí,
obìnrin kan tó bi mí ṣé mo níyàwó,
tí mo ní rárá.

Nọ́ọ̀sì dé bírò rẹ̀.
"Èyí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́."

Fúnmiládé ń já kaṣú kúrò lára èso nígbà tí mo dé,
oje rẹ̀ ti bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.
Ó ní, "Eyín ńkọ́?"