Àgádágodo Ẹni Tó Ti Kó Lọ

Ní Brno, yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èlùbọ́ lójú asẹ́.
Drahomíra Zahálková jókòó síwájú ẹ̀rọ,
kọfí rẹ̀ ti tutù láti aago mẹ́rin.

Ẹ̀rọ kan wà nílé iṣẹ́ tó ń wọn odò:
ọjọ́ mọ́kànlá ni í fi í ṣe dáadáa,
lọ́jọ́ kejìlá á dákú láìkígbe.
Ẹ tún un tàn, á jí, á ní kò sí nǹkan.
Àwọn kan ní iná ni. Àwọn mìíràn ní ooru ni.
Drahomíra ní, "Ẹ jẹ́ n wo kóró."

Nínú kóró ẹ̀rọ, níbi tí ojú olùlò kì í dé,
fọ́nrán iṣẹ́ méjì, ọmọ ìyá kan náà,
jọ di fáìlì kan ṣoṣo mú.
Èkíní ní, "Ẹ bá mi tì í, kí ẹlòmíràn má wọlé."
Èkejì, lẹ́sẹ̀ kan náà, ní, "Mo ti ṣe tán, mo jọ̀wọ́ rẹ̀."
Agbálẹ̀ dé, ó gbá gbogbo àgádágodo kúrò,
ó wọ̀tún, ó wòsì, ó ní ilé mọ́,
ó jáde.
Ìgbà náà ni àgádágodo èkíní ṣẹ̀ṣẹ̀ dún: kẹ́!

Ẹ wo nǹkan!
Ilé ti dahoro, ilẹ̀kùn wà ní títì.
Ta ló tì í? Ẹni tó ti kó lọ.
Orúkọ rẹ̀ wà lára irin, òun fúnra rẹ̀ kò sí mọ́.
Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ka orúkọ náà, tó sì pè é,
òfìfo ni yóò dáhùn.
Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń dákú.

Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? N kò rí ẹlẹ́ṣẹ̀.
Ẹni tó tì, ó tì bó ṣe yẹ. Ẹni tó gbá, ó gbá bó ṣe yẹ.
Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀ràn ń gbé,
nínú àlàfo tí kò fẹ̀ tó ìpéǹpéjú.

Oorun ló fi dẹ ẹ́.
Ó ki oorun kékeré bọ àárín ìlà méjì,
ó ní kí fọ́nrán èkíní tòògbé díẹ̀.
Ẹ̀rọ tó ń fi ọjọ́ méjìlá ṣe sùúrù
dákú lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣeé fọ́ nígbà tí a bá fẹ́, ó ṣeé tún ṣe.

Bohuslav, bàbá àgbà rẹ̀, ṣọ́ ojú irin rí lẹ́bàá Břeclav,
ojú irin ẹyọ kan, tí ọkọ̀ ń gbà láti ìhà méjì.
Bó bá ti ọ̀nà tán, kì í jókòó.
Á gbé fìtílà, á bọ́ sínú òtútù,
á wá iná pupa ìdí ọkọ̀ tó kọjá,
kó lè mọ̀ pé kò já ìrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà.
"Lẹ́yìn tí o bá tì í," ni bàbá máa ń wí, "wo ohun tí o tì."

Ìlà mẹ́jọ ló kọ.
Bí àgádágodo bá ti kọ́, bojú wẹ̀yìn:
ṣé fáìlì tí mo bá wọlé náà ló ṣì wà lọ́wọ́ mi?
Bí kì í bá ṣe òun mọ́, tú u, máa lọ.

Kò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta,
Kvido, tó máa ń jẹ ápù mọ́ kóró, ní, "Ẹ̀ṣọ́ ńkọ́?"
Nítorí ẹ̀ṣọ́ kan wà tó ń yẹ gbogbo ìbéèrè wò:
ó lè gbà kí o tì, kó má gbà kí o ṣí.
Drahomíra di orí mú.
Ó wá gba ẹ̀yìnkùlé,
ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ so, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kò tọrọ àyè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ odò kò dákú.
Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ láago. Bí ọpẹ́ iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn,
ó dúró,
ó tún gòkè lọ fọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò.
Ó wà ní títì.
Kó tó dé títì, ọkọ̀ irin ìgboro ti lọ.
Ó wo iná pupa ìdí rẹ̀ nínú yìnyín.
Gbogbo rẹ̀ ló kọjá.