Owó Iná

Gílóòbù kan ṣoṣo ni mo ní,
mo fi okùn dè é mọ́ igi ìfọlẹ̀.
Agbòjò funfun tí mo rà ní Gbági,
egungun rẹ̀ kan ti kán,
mo ṣí i síwájú iná náà
kí ìmọ́lẹ̀ má baà gbá ènìyàn létí,
kí ó rọra wọlé
bí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ ń sùn.
Aṣọ ibùsùn ìyá mi ni mo ta sẹ́yìn.
Páálí bisikíìtì tí mo lẹ bébà fàdákà mọ́
ń dúró de ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí òkùnkùn bá fẹ́ gbà.
Gbogbo rẹ̀ kò tó owó bàtà.

Ìyá Láníyọnu kan ilẹ̀kùn.
Kò wá ya fọ́tò. Owó iná ló wá gbà.
"Gílóòbù rẹ yìí, ṣé oòrùn ni?
Míítà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé!"
Mo ní, ẹ jókòó, Mà, ẹ jẹ́ n wá owó náà.
Ó jókòó sórí àpótí,
ìka rẹ̀ ṣì ń rùn fún àlùbọ́sà.

Mo gbé iná kọjú sí i gan-an:
ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo,
àbàjà rẹ̀ sá wọlé.
"Kó wà bẹ́ẹ̀," ló wí.
"Láníyọnu tiẹ̀ ní kí n máa fi pọ́ńdà bò ó."
N kò fèsì.
Mo sún igi náà lọ sápá òsì,
ìṣísẹ̀ kan, ìkejì,
mo gbé e ga díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ,
ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde
bí poro oko nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

Mo yà á lẹ́ẹ̀kan: ó lejú.
Lẹ́ẹ̀kejì: ó ṣì ń ṣírò owó iná.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, NẸ́PÀ mú un lọ.

Nínú òkùnkùn ó bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín tó mi ẹsẹ̀ àpótí,
ẹ̀rín tí mo ti ń wá látìgbà tó ti jókòó.
"Mo ṣe bí oòrùn ni!"

Mo ṣí fèrèsé.
Ìrọ̀lẹ́ pupa ti orí pánù Ìdí-Àrẹrẹ wọlé,
kò béèrè míítà.
Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná ka ojú ara rẹ̀:
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta…
"Ìkẹrin dà?"
Ìkẹrin wà nínú òjìji, Mà.
Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó padà jókòó.
"Wá a jáde.
Kí o sì tó yà á, owó iná mi ńkọ́?"